Ṣé Òkú Ni Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Bọ?

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú jáde lóṣù yìí. Ìyá kan náà ló bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, nítorí náà ni mo ṣe kó wọn sójú kan. Àkọ́kọ́ gùn, ìdáhùn rẹ̀ náà yóò sì gùn. Kí ẹ̀yin tí ẹ kọ àwọn yòókù má bínú sí mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbé ní England, papò dà lọ́dún tó kọjá. A gbé e wálé, a sì sin ín sí àgbàlá bàbá wa. Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún gbogbo wa. Nígbà tí a tú àpótí rẹ̀, a rí ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ orúkọ ìjọ Unitarian sí, tí wọ́n sì ya ife kan tí iná ń jó lórí rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ìwé náà, ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ mẹ́ta: ti yèyé wa, ti bàbá wa, àti ti àbúrò wa obìnrin tí ó kú ní ọmọ ọdún méje, ẹni tí a kì í dárúkọ mọ́ nínú ilé wa. Ó kọ ọjọ́ ìsinmi oríṣiríṣi sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó sin ín ti gbọ́ pé irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ lọ́hùn-ún. Bí a ṣe kọ orin "Sún mọ́ Ọ, Ọlọ́run" tán lójú sàréè, ó ní òun kò lè sọ ibi tí ọkàn ẹni tí ó bá kọ Mẹ́talọ́kan sílẹ̀ ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò láyà mi láti ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, irú ẹ̀sìn wo nìyí? Ṣé òkú ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ ni? Ṣé mo sì lè ní ìrètí pé a ó tún rí ara wa?
— Àbúrò Olóògbé, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ará fẹ́ra kù, arábìnrin mi, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè. Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè yín kejì, nítorí pé òun ni mo rò pé ó ń gún yín lọ́kàn jù, òun náà ni ó sì rọrùn jù láti dáhùn. Rárá o, ẹ̀gbọ́n yín kò bọ òkú.

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Unitarian, àsìkò kan máa ń wà láàárín ìsìn ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀ kan lọ́kàn. Ẹni náà yóò dìde, yóò rìn lọ síwájú, yóò tan àbẹ́là kékeré kan, yóò dárúkọ ẹni tí ó ń rántí tàbí kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ní gbólóhùn kan tàbí méjì, yóò sì padà sí ìjókòó rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í sọ ohunkóhun. Wọn a tan àbẹ́là wọn, wọn a sì padà. Kò sí ẹni tí yóò fèsì, kò sí ẹni tí yóò gbà wọ́n nímọ̀ràn, kò sì sí ẹni tí yóò ní ó tó, ẹ má sunkún mọ́. Gbogbo ìjọ yóò kàn bá wọn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọn kì í tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ òkú, wọn kì í sì í rúbọ sí i. Bí mo ṣe rò ó, àwọn ọjọ́ ìsinmi tí ẹ rí nínú ìwé yẹn ni ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín dìde lọ tan àbẹ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ kẹta. Àwa Èkìtì mọ òkú àgbà ṣe. A ó pa màlúù, a ó gún iyán láti òru mọ́jú, a ó rán aṣọ ẹbí, a ó sì ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí kò ní àbùkù kan ṣoṣo nínú. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. Wéréwéré ni a ó sin ín, àwọn òbí kò ní dé ìdí sàréè, a ó kó aṣọ àti bàtà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ojú ìyá rẹ̀ má baà bọ́ sí i, láti ọjọ́ náà sì ni orúkọ rẹ̀ yóò ti di èèwọ̀ nínú ilé. Mi ò bú àṣà yìí, nítorí àánú ni ó bí i: wọn kò fẹ́ kí ọgbẹ́ ìyá máa ṣẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n tí ó máa ń pọn ọmọ náà, tí ó ń bá a bọ́ èèpo ẹ̀pà, ta ni ó bi òun léèrè bí ó ṣe ń ṣe é? Ẹ̀gbọ́n yín gbé orúkọ náà mì ní kékeré, ó gbé e kọjá òkun, ó sì wá rí ilé kan ní ìlú òtútù níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé ó lè pè é jáde ketekete láàárín àwọn àjèjì. Mo ń fojú inú wo àwọn òyìnbó yẹn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orúkọ Èkìtì tí ahọ́n wọn kò lè gbé, tí wọ́n sì dákẹ́ fún un.

Ní ti ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀, nítorí inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọ̀kan ni ó ti wá. Láàárín àwọn Kírísítẹ́nì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tí wọ́n ka Bíbélì, tí wọ́n gbà pé ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run, tí wọ́n gba Jésù ní olùkọ́ àti àwòkọ́ṣe, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní àwọn kò rí Mẹ́talọ́kan nínú ohun tí àwọn kà. Ojú wọn rí nǹkan nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1553, wọ́n dáná sun Michael Servetus láàyè ní ìlú Geneva nítorí ohun tí ó kọ lòdì sí Mẹ́talọ́kan. Ní 1568, ní ìlú Torda ní ilẹ̀ Transylvania, tí ó wà ní Romania lónìí, ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lábẹ́ Ọba John Sigismund pàṣẹ pé kí oníwàásù kọ̀ọ̀kan máa wàásù ìhìnrere bí ó bá ṣe yé e, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe jìyà nítorí ẹ̀sìn, nítorí pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọba yẹn ti wàjà, àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ yí padà, inú ẹ̀wọ̀n ní Deva ni Ferenc Dávid, òpómúléró ìjọ náà, sì kú sí ní 1579. Ní England, àlùfáà Áńgílíkà kan tí ń jẹ́ Theophilus Lindsey fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣí ilé ìsìn Unitarian sí òpópónà Essex ní London ní 1774. Bẹ́ẹ̀, ó di 1813 kí òfin ibẹ̀ tó yéé ka kíkọ Mẹ́talọ́kan sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba lè tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ènìyàn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí òjíṣẹ́ yẹn sọ lójú sàréè kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ̀gbọ́n yín pàápàá yóò ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ṣeé ṣe kí òjíṣẹ́ náà má mọ̀. Orin tí ẹ kọ tán kí ó tó la ẹnu, obìnrin Unitarian ni ó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Sarah Flower Adams ni orúkọ rẹ̀. Inú ìjọ William Johnson Fox ní London ni ó ti ń jọ́sìn, inú ìwé orin tí Fox ṣe fún ìjọ náà ni orin yẹn ti kọ́kọ́ jáde ní 1841, Eliza, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni ó sì kọ́kọ́ fi ohùn sí i. Àìmọye ìgbà ni àwọn ìyá wa ti fi orin yìí sin òkú, ní Adó, ní Ìkọ̀lé, ní Ìdó, ní Ọ̀tùn, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ibi tí ọkàn ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Ẹ̀rín ń pa mí díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kò sì yẹ kí a kà á sí ẹ̀sìn òyìnbó nìkan. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ní ìlú Èkó, Adeniran Adedeji Isola dá ìjọ Unitarian kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìjọ Ìṣọ̀kan Gbogbo Ẹ̀dá, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Yorùbá sin Ọlọ́run. Orúkọ yẹn dùn létí mi ju ti òyìnbó lọ, nítorí pé ó sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fi pa mọ́: bí Ẹlẹ́dàá bá jẹ́ ọ̀kan, àwọn ẹ̀dá náà kò lè jẹ́ àjèjì sí ara wọn.

Ìbéèrè yín kẹta ni ó le jù, mi ò sì ní tàn yín. Àwọn Unitarian kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo lórí ibi tí òkú ń lọ. Àwọn kan nínú wọn gbà pé a ó tún pàdé. Àwọn kan ní ohun tí ó kù lẹ́yìn ènìyàn ni ìfẹ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú ayé àwọn tí ó fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn kò mọ̀, wọ́n sì gbà láti gbé ayé wọn láìmọ̀ ọ́n. Àwọn Universalist, tí wọ́n bá àwọn Unitarian Amẹ́ríkà para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ní 1961, ni ọ̀rọ̀ tiwọn ṣe kedere jù. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ti ń wàásù pé Ọlọ́run kò ní ju ẹnikẹ́ni nù títí láé, pé bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, ìfẹ́ rẹ̀ yóò kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wálé.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni tèmi, mo sì gbà pé a ó tún rí ara wa. Àléébù tí mo rí lára ọ̀nà Unitarian ni pé ó lè tutù jù fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lálẹ́ àná. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìlérí, kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń ru ọ̀fọ̀ àbúrò rẹ̀ láti ogójì ọdún tí kò rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀, mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ó ń wá. Ẹ sì tún rántí ohun tí àwọn baba wa máa ń sọ fún òkú kí wọ́n tó bo ilẹ̀: má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o máa bá wọn jẹ. Wọn kì í kọ́kọ́ bi òkú ní ìjọ tí ó ń lọ kí wọ́n tó sọ ọ́ fún un. Bí ìyá bá kú tí a sì bí ọmọbìnrin, Yétúndé ni a ó sọ ọ́, a kò sì ní dúró dé ẹni tí yóò wá fi Ìwé Mímọ́ gbè wá lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní ìrètí yín, arábìnrin mi. Ẹnikẹ́ni kò ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ tí yóò fi tì í mọ́ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ì bá ti fẹ́ ẹ, ẹ má pe ẹgbẹ́, ẹ má sì ra aṣọ. Ẹ pe àwọn ọmọ yín àti ẹbí mélòó kan jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ tan iná kan sí àárín, kí olúkúlùkù sì sọ ohun kan péré tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa olóògbé. Kì í ṣe oríkì ni mò ń wí. Nígbà tí a ṣe irú rẹ̀ fún yèyé mi ní ilé wa ní Ìgèdè, àbúrò mi wọ ilé ìdáná lọ, ó sì gbé ọmọ odó rẹ̀ jáde. Ọwọ́ yèyé ti jẹ igi náà wọnú níbì kan, ibẹ̀ ń dán bí eyín. Àbúrò mi ní kí a wo ibi tí yèyé máa ń dì mú tí inú bá ń bí i, nítorí pé ọjọ́ tí inú bá ń bí yèyé ni iyán rẹ̀ máa ń kúnná jù. A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa. Ojú-ewé mẹ́rìndínlógún ni ìwé ètò ìsìnkú tí a tẹ̀ fún un, pẹ̀lú àwòrán aláràbarà. Kò sí ọ̀kan nínú ojú-ewé náà tí ó mú yèyé wọ yàrá wá bí ọmọ odó yẹn ti mú un wá.

Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n yín tán, ẹ pe orúkọ àbúrò yín náà. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín pé ẹ ní àbúrò kan. Mo mọ̀ pé yóò ṣòro, ohùn yín lè má jáde nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìyá kan ní àdúgbò yín tí ọmọ rẹ̀ kú tí gbogbo ayé ti gbàgbé, ẹ yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì bi í bí orúkọ ọmọ náà ṣe ń jẹ́.

Ní ti òjíṣẹ́ náà, ẹ lọ bá a nílé, kì í ṣe ní gbangba, kí ẹ sì sọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe dùn yín tó. Ẹ lè fi ìtàn orin yẹn kún un tí ara rẹ̀ bá balẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi fi yèyé mi sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, kò sì wẹ̀yìn wò. Oko kòkó tí yèyé mi ń ro ni ó fi tọ́ wa. Ó pé ọdún mẹ́wàá lọ́dún yìí tí bàbá náà ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti bu owó màlúù lé mi nítorí pé èmi ni àkọ́bí ọkùnrin. Wọ́n tún ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí tí wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé ètò. Kí ni kí n kọ? Mi ò rí àánú kankan lọ́kàn mi fún un.
— Àkọ́bí, Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú. Kí a kọ́kọ́ mú owó kúrò nílẹ̀: ẹ san èyí tí agbára yín bá ká láìyáwó, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àánú ni ó kù. Ní ìlú Prague ní 1923, àlùfáà Unitarian kan tí ń jẹ́ Norbert Čapek rí i pé oríṣiríṣi ènìyàn ni ó wà nínú ìjọ òun, tí ẹlòmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ fẹ́ rí ohunkóhun tí ó jọ ètò ìsìn àtijọ́ sójú mọ́. Ó ní kí olúkúlùkù mú òdòdó kan wá láti ilé tàbí láti ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan, nígbà tí ìsìn sì parí, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú òdòdó kan lọ sílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ó mú wá. Kò sí ẹni tí ó ń bi òdòdó léèrè pé ọwọ́ ta ni ó ti wá, bóyá ọwọ́ ẹni tí ó yẹ ni tàbí ọwọ́ ẹni tí kò yẹ. Àwọn Násì ti Jámánì mú Čapek ní 1941, wọ́n sì pa á ní 1942. Ìyàwó rẹ̀, Maja, ti gbé ètò òdòdó náà dé Amẹ́ríkà ní 1940, àwọn ìjọ Unitarian sì ń ṣe é lọ́dọọdún títí di òní.

Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé ẹ lè gba òdòdó kan lọ́wọ́ bàbá yín láìsọ pé ó tọ́jú ọgbà rẹ̀ dáadáa. Bóyá gíga yín ni, bóyá ohùn ni, bóyá bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín ni. Yèyé yín yóò mọ̀ ọ́n tí ó bá ṣì wà láyé. Àánú kò ní kí ẹ pe ohun tí kò dára ní dáadáa, ẹni tí ó bá sì ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ purọ́ mọ́ yèyé yín ni. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá náà tí ó bá dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù, kí ẹ sì bi í pé: nígbà tí bàbá mi fúnra rẹ̀ wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí ni ojú rẹ̀ ń rí? Ẹ má bi í ní ohun mìíràn. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìdáhùn, ẹ lè kọ ohun tí ó jọ èyí: "Bàbá mi bí mi, kò tọ́ mi. Mi ò mọ ohun tí ó lé e lọ títí tí ó fi kú. Kí Ọlọ́run tí ó mọ̀ ọ́n ṣàánú fún un." Bí wọ́n bá kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sínú àpò yín. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ nílò rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì. A kọ́ nípa àwọn Unitarian ní kíláàsì, wọ́n ní wọn kò ní ìwé ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kankan. Ṣé kò wá jọ pé wọn kò gba ohunkóhun gbọ́ nìyẹn?
— Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Fẹ́ Mọ̀

ÌDÁHÙN: Káàsán, ọmọ mi. Rárá. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò fi ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ṣe ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Kò sọ pé inú ilé ṣófo.

Wo ife oníná tí ó wà lẹ́yìn ìwé pélébé inú lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn. Ní 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ kan tí àwọn Unitarian Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Lisbon, wọ́n ń ran àwọn tí ń sá fún àwọn Násì lọ́wọ́ láti jáde kúrò ní Yúróòpù. Wọ́n nílò àmì tí wọn yóò máa tẹ̀ sórí ìwé wọn, tí ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn yóò fi dá wọn mọ̀. Hans Deutsch, ayàwòrán ará Austria tí òun náà sá fún àwọn Násì, ni ó ya ife náà fún wọn. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Iṣẹ́ tí ó rí i tí wọ́n ń ṣe ni ó mú un ya á.

Bí o bá sì fẹ́ ẹni tí ó jìnnà sí òyìnbó, wo Hajom Kissor Singh ní àwọn òkè Khasi ní Íńdíà. Àwọn ajíhìnrere láti Wales ni ó kọ́kọ́ tẹ̀lé, àmọ́ kò lè gbà pé Ọlọ́run ìfẹ́ yóò sun àwọn baba ńlá òun nínú iná. Ní 1887, ní ìlú Jowai, ó bẹ̀rẹ̀ ìsìn Ọlọ́run kan ṣoṣo nínú ilé ara rẹ̀, ní èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, ìjọ náà sì ń bẹ níbẹ̀ di òní. O rí i pé àwọn òkú rẹ̀ ni ó ń rò. Ó gba nǹkan gbọ́, ó tilẹ̀ gbà á gbọ́ gidigidi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nígbà kan nípa títan àbẹ́là fún ìrántí, ó sì wù mí láti máa ṣe é fún ìyá mi ní alẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n àbẹ́là jó aṣọ fèrèsé wa nígbà kan, láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti ní kò gbọdọ̀ wọlé wa mọ́. Ṣé iná tọ́ọ̀ṣì kò burú?
— Ìyá Ìbejì, Aramọkọ-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Tọ́ọ̀ṣì kò burú, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí ó sàn jù ú lọ, ọkọ yín kò sì ní bínú sí i. Àwọn ìjọ Unitarian mìíràn kì í tan àbẹ́là rárá. Òkúta ni wọ́n ń sọ sínú omi. Òkúta kan, orúkọ kan. Ní Amẹ́ríkà, láti 1980, wọ́n tún ní ètò omi, níbi tí olúkúlùkù ti máa ń bu omi díẹ̀ wá láti ibi tí ó ti wá, tí wọn yóò sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àwo kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, Ìkógòsì ni ó wá sí mi lọ́kàn, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Aramọkọ kò sì jìnnà síbẹ̀.

Bí ẹ bá ráyè dé ibẹ̀, ẹ bu omi díẹ̀ bọ̀. Bí ẹ kò bá ráyè, omi kànga yín tó. Ẹ fún ìbejì ní òkúta wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin náà mú ọ̀kan, kí ẹ pe orúkọ ìyá yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bọ́ sínú omi. Ẹ má fi abọ́ ike ṣe é. Abọ́ tánganran ni kí ẹ lò, nítorí pé òun ni ẹ ó ti gbọ́ ìró òkúta náà bí ó bá kan ìsàlẹ̀.